Ẹ bá mi dá sí i: ìró Ìbàdàn wo ni kí n gbà sílẹ̀ fún bàámi?

Àdùkẹ́_Leeds:
Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo ní kí n kó wá síbí torí mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn pọ̀ níbí. Bàámi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà ní Leeds láti bí ọdún mẹ́ta, ìgbàgbé ti wá ń bá wọn jà gan-an. Lọ́sàn-án ara wọn máa ń balẹ̀, àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Tí n bá ní "bàámi, ilé la wà yìí," wọ́n á wò mí títí bí ẹni pé mò ń parọ́ fún wọn. Ìdí-Arère ni agboolé wa, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, Gbági ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ohun tí wọ́n bá fi etí gbọ́ máa ń wọ̀ wọ́n lára ju fọ́tò lọ. Fọ́tò Mápó tí mo gbé kọ́ ògiri, wọn ò tiẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mò ń fi odó kékeré gún ata ní kíṣìnì, wọ́n pe orúkọ ìyá wọn. Mò ń bọ̀ wá sílé ní November fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ fi fóònù gba àwọn ìró Ìbàdàn sílẹ̀. Mo ti ń ro ìlù dùndún, agogo sọ́ọ̀sì Kúdẹtì, àtàwọn egúngún. Kí lẹ rò pé kí n gbà, níbo, ìgbà wo, báwo sì ni kí n ṣe é? Ẹ ṣé o.

Ọmọ_Ọjàaba:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ má bínú, èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ìlù. Ìlù, ọjọ́ ayẹyẹ ló ni ín, èèyàn kì í sì í gbé inú ayẹyẹ. Ilé ni bàbá ń wá tí wọ́n fi ń wọ bàtà, ilé sì ní ìró tiẹ̀.

Ẹ sun inú agboolé yín fún òru kan, ẹ má lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ gbé fóònù sójú fèrèsé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa gbà lọ títí di aago méje. Àkùkọ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ladání á wá pe ìrun, mọ́sáláṣí kan á bẹ̀rẹ̀, òmíì á gbà á lẹ́nu ẹ̀, ohùn wọn ò ní bára mu, ó máa ń dà bí ẹni pé Mápó ń pe Òkè Ààrẹ tí Òkè Ààrẹ ń dáhùn. Tó bá yá ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀, ṣá, ṣá, ṣá, ẹ ó gbọ́ dọ́rọ̀ tó ń gbá ara kànga bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ tó wá fọwọ́ ba omi, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń fọnu ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó gbọ́ "ẹ ẹ́ jíire bí?" láti ojú fèrèsé kan sí èkejì. Ìyẹn ni Ìbàdàn lójú tèmi. Ọjà'ba ni wọ́n bí mi sí, ọjà Ìba Olúyọ̀lé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọjà Ọba báyìí, mo ti kúrò níbẹ̀ lọ sí Àbújá láti ọdún pípẹ́, ká sọ pé wọ́n dì mí lójú tí wọ́n gbé mi padà, ìgbálẹ̀ yẹn ni máa fi mọ̀ pé mo ti délé.

Nọ́ọ̀sì_Kẹ́mi:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Ọjà'ba. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni mo sì wà láti bí ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e sí i fún wọn torí gbígbà nìkan kọ́ niṣẹ́. Ẹ má da gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra o. Ìró kan lẹ́ẹ̀kan, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó má lọ sókè jù, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé "bàámi, ṣé ẹ rántí èyí?" torí ìbéèrè yẹn máa ń dà bí ìdánwò sí wọn létí, tí wọn ò bá sì rí ìdáhùn, ojú á tì wọ́n tàbí inú á bí wọn. Ẹ kàn jẹ́ kó máa dún lọ. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ bá wọn níbi tí wọ́n bá wà, tí wọ́n bá ní àwọn wà lọ́jà, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rà.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ara wọn ò lélẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ pa itan tàbí tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, ẹ pa á kíá. Bíi wákàtí kan kí wọ́n tó máa ń wọ bàtà yẹn ló dáa jù, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti dìde.

Àdùkẹ́_Leeds:
Àǹtí Kẹ́mi, ẹ ṣé gan-an ni. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n rántí. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lára wọn. Màá ṣíwọ́.

Bàbá_Rélùwéè:
Ọmọ mi Àdùkẹ́, o ṣeun tó ò ń tọ́jú baba ẹ. Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, ohun tí etí wọn sì gbọ́ ní kékeré, òmíràn nínú ẹ̀ ò sí nígboro mọ́, ó yẹ kó o mọ èyí kó o má bàa máa wá a kiri. Àkọ́kọ́ ni fèrè rélùwéè ní Dùgbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, èyí tí wọ́n ń kó èédú sí ni mò ń wí, tá à ń pè ní fàkàfíkì torí bó ṣe ń dún nìyẹn bó bá ń rìn. Bàbá tèmi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ yẹn, ìyá mi kì í sì wo aago, tí fèrè ìrọ̀lẹ́ bá ti fọn báyìí, á ní "baba yín ń bọ̀," á gbé omi ọkà kaná. Bí ọkọ̀ ọ̀hún bá pẹ́ lójú ọ̀nà, oúnjẹ wa náà á pẹ́, kò sẹ́ni tó ń ráhùn. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, Mọníyà ló ń dúró sí, ó dáa, ó yá, mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí Èkó, àmọ́ ohùn fèrè ẹ̀ yàtọ̀, má gbà á fún un kó o ní ti Dùgbẹ̀ ni. Etí àgbà kì í gba irú ẹ̀.

Èkejì ni ìlù orí rédíò. Àpótí Rédífúṣọ̀n tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé, tá à ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, òun la kọ́kọ́ mọ̀, kí rédíò tó ń lo bátìrì tó dé. Wọ́n á lu ìlù kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọdé sì máa ń gbè é pé "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà nígbà yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò nira, wá onídùndún kan ní ìgboro, sọ gbólóhùn yẹn fún un lẹ́nu, á lù ú fún ẹ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Fún un lówó tó dáa. Kó lu ìyẹn nìkan, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tún un lù.

Ìyá_Alámàlà:
Ẹ ò mẹ́nu ba oúnjẹ! Etí náà máa ń jẹun o. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá dé, ẹ lọ sí búkà àmàlà èyíkéyìí ní Bẹẹrẹ tó bá ku díẹ̀ kó lu aago mọ́kànlá, kí èrò tó pọ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń dáná, kẹ́ ẹ gbé fóònù sún mọ́ ìkòkò ewédú nígbà tí wọ́n bá ń fi ìjábẹ̀ já a. Ó kọ́kọ́ máa ń dún gbẹrẹfu, ṣàkàṣàkà, bíi kéèyàn máa tẹ ewé gbígbẹ, tí ewé bá ti ń fọ́, ohùn ẹ̀ á máa rọ̀, á máa rọ̀, títí táá fi máa dún pọ́tọ́-pọ́tọ́ bó ṣe ń yọ̀ mọ́ ìjábẹ̀. Èmi ò kì í wo inú ìkòkò mọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ṣe é, etí ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Ìyá tó bí bàbá náà á mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gba omorogùn tó ń gbá etí ìkòkò, gbì, gbì, gbì, nígbà tí wọ́n bá ń ro àmàlà, torí ẹni tó ń rò ó máa ń mí pẹ̀lú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ gba àwọn tó wá jẹun, "ẹ bù ú ní mẹ́ta, ẹ fi àbùlà sí i, ṣàkì méjì, pọ̀ǹmọ́ kan, ẹ bù ú kó gbóná o." Kẹ́ ẹ sì ra oúnjẹ jẹ o, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn na fóònù sí wọn lójú kẹ́ ẹ máa lọ.

Aláṣọ_Gbági:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, mi ò sì rí ẹni tó dárúkọ Gbági, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bàbá ni. Àǹtí, ẹ lọ gba ìró aṣọ yíya. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra yáàdì rí, ẹ rántí, aláṣọ á na aṣọ sára ọ̀pá ìwọnṣọ, á kà á, "ení, èjì, ẹ̀ta," á fi sísọ́ọ̀sì gé etí ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ẹ́, á wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á, fààààà, títí dé òpin. Áńkárá ní ohùn tiẹ̀, gínì ní tiẹ̀, gínì tó bá dáa máa ń ké. Ní Gbági àtijọ́ tó sún mọ́ Dùgbẹ̀ yẹn, nígbà tí àwọn ará Lẹ́bánónì pọ̀ níbẹ̀, ìyá mi máa ń sọ pé téèyàn bá ń gba òpópónà yẹn kọjá lọ́sẹ̀ ọdún Iléyá, bí aṣọ ṣe ń ya lọ́tùn-ún ló ń ya lósì. Gbági tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀ ni èmi wà báyìí, àmọ́ ti àtijọ́ ṣì wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ra yáàdì márùn-ún, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ya á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Sàámú_Ìnàléǹdé:
Àfikún díẹ̀ ni tèmi. Àwọn tó ń kiri. Súmékà tó ń fi igi búrọ́ọ̀ṣì kan àpótí, kọ́kọ́kọ́, obíọ́mà tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ léjìká tó ń ṣẹ́ sísọ́ọ̀sì, Mọ́là tó ń gé èékánná tòun náà ń ṣẹ́ sísọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì tiẹ̀ kéré, ohùn ẹ̀ lọ sókè ju ti obíọ́mà lọ, ọmọ ilé kì í ṣi wọ́n mú. Lásìkò àgbàdo ẹ ó gbọ́ "láńgbé jinná o!" November kọ́ nìyẹn ṣá. Àwọn ti ìsìnyí ti wá ń lo gbohùngbohùn, ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù bátìrì, ẹni tó ń ta oògùn eku, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀ á máa tún ara ẹ̀ pè látàárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn ò ní jọ bàbá lójú, ẹ yẹra fún un tẹ́ ẹ bá ń gbà, torí ó máa ń bo gbogbo ohùn yòókù mọ́lẹ̀. Láyé àwọn bàbá, ẹnu ni wọ́n fi ń polówó, ìyá kọ̀ọ̀kan ní orin tiẹ̀.

Táyọ̀_Bódìjà:
Òjò! Òjò lórí páànù! Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyẹn tí ọkàn ẹ̀ ò ní fò wálé. Àǹtí, òjò ti máa ń dáwọ́ dúró ní November, nítorí náà ẹ bẹ ẹnì kan nílé kó bá yín gba ti October, lábẹ́ páànù tí kò ní sílìǹ, páànù tó ti dógùn-ún yẹn gan-an. Kó gbà á látìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán tó, tó, tó.

Màmá_Ògùnpa:
Táyọ̀ ọmọ mi, o ò tíì dáyé nígbà náà. Àdùkẹ́, rọra o. Níbo ni bàbá yín wà ní August 31, 1980? Ọjọ́ Sunday ni. Òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ní òjò náà ni, a tilẹ̀ ní kó rọ̀ kí ooru lọ, àfi bí odò Ògùnpa ṣe kún tó wọlé. Omíyalé. Mo gbọ́ òjò yẹn lórí páànù wa láti ojúmọmọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá dé ìgbà kan tí mi ò gbọ́ òjò mọ́, omi tó ń gbá ògiri ni mò ń gbọ́, àti ẹrù tó ń lù mọ́ra wọn nínú ilé àwọn aládùúgbò, àti èèyàn tó ń pe orúkọ ọmọ ẹ̀. Títí dòní, tí òjò ńlá bá ń rọ̀ lóru, mi ò kì í sùn. Wọ́n ti la odò náà wọ́n ti fi kọnkéré sí i, mo mọ̀, ara mi ni kò mọ̀. Ẹ̀mí tó lọ nínú omi yẹn pọ̀. Má gbé òjò sí bàbá yín létí láìwádìí.

Àdùkẹ́_Leeds:
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àjálù ọjọ́ yẹn. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá. Mo ti pe àbúrò bàámi lórí fóònù ní alẹ́ àná, wọ́n ní bàámi gbé ẹnì kan léjìká jáde láti ìtòsí Ògùnpa lọ́jọ́ náà, wọn ò sì sọ ọ́ fún àwa ọmọ rí. Ọ̀rọ̀ òjò, ó di kí n dán an wò díẹ̀, kí ọwọ́ mi wà lórí fóònù.

Táyọ̀_Bódìjà:
Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀.

Àjàní_Òkè_Ààrẹ:
Ọ̀rọ̀ egúngún tẹ́ ẹ sọ. Àárín ọdún ni ọdún egúngún ìgboro Ìbàdàn, ọdún Òkè'bàdàn sì jẹ́ ti March, lọ́jọ́ tí wọn kì í dáná, tí gbogbo ìlú á máa kọrin lójú títì. November á bọ́ sáàárín méjèèjì. Ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọkùnrin kan nínú ẹbí kó gbà á fún yín tásìkò bá tó. Ti Olóòlù, ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin kì í rí i, ẹ má ṣe gbìyànjú ẹ̀, kò pọn dandan. Ìlù ẹ̀ lókèèrè, bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì gbà-gbà-gbà ládùúgbò bó ṣe ń bọ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ni ọmọ Ìbàdàn tó bá jẹ́ obìnrin máa ń rántí, ọkùnrin inú ilé sì lè gbà á látinú yàrá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ní November ni kẹ́ ẹ gun Láyípo lọ ní Òkè Ààrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 fi rántí Bower, òyìnbó àjẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn ẹ̀ tó ń yí po ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gùn ún ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tì í. Tẹ́ ẹ bá dé òkè pátápátá, ẹ ò ní gbọ́ ìró kan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, gbogbo ìlú ni yóò máa kùn bíi afárá oyin, fèrè ọkọ̀, ọmọdé, ẹ̀rọ ata, jẹnẹrétọ̀, ìrun ìrọ̀lẹ́. Kékeré ni mí nígbà tí bàbá mi gbé mi lọ síbẹ̀, wọ́n ní "gbọ́ ìlú ẹ."

Ìyá_Ìbejì_Yemẹtu:
Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ ti sọ òótọ́, àmọ́ orin Òkè'bàdàn sí arúgbó tí ara ẹ̀ ò yá létí? Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń wà nínú ẹ̀. Ọmọ-ọmọ á wà nítòsí.

Àjàní_Òkè_Ààrẹ:
Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín. Orin yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún la fi ń kọ ọ́, láti fi sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ ní ọjọ́ yòókù, bàbá fúnra wọn á ti kọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Tí wọ́n bá wà ní yàrá láwọn nìkan, mi ò rí aburú níbẹ̀. Àmọ́ bàbá Àǹtí Àdùkẹ́ ni, kí wọ́n yàn.

Dèjì_Ohùn:
Ẹ jẹ́ n sọ ti gbígbà, iṣẹ́ mi ni. Ẹ gbé fóònù sí ipò bàlúù kí ìpè má wọlé. Ẹ má dì í mọ́wọ́, ẹ gbé e lé nǹkan, ọwọ́ máa ń dún. Atẹ́gùn ni ọ̀tá, ẹ fi áńkáṣíìfù fẹ́lẹ́ wé ẹnu ibi tó ń gbohùn. Ẹ má sọ̀rọ̀ o, kódà tí ẹnì kan bá kí yín, ẹ fi orí dáhùn. Ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ orúkọ ibẹ̀ àti aago ní ìbẹ̀rẹ̀ ká lè mọ èyí tó jẹ́ èwo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi ohùn lásán, á fún un pọ̀, ohùn tó tinrin bíi ti ìgbálẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ. Mo ti pàdánù ohùn ìyá mi àgbà bẹ́ẹ̀.

Wálé_Micra:
Ẹ kú àpérò o. Ọkọ̀ ni mò ń wà, Bẹẹrẹ sí Mọ́lété. Àǹtí, gbogbo ohun tí wọ́n sọ yìí dáa àmọ́ orí ìdúró ni gbogbo ẹ̀ wà, bàbá tó ń wọ bàtà láti lọ sílé, ọ̀nà ni kẹ́ ẹ gbà fún un. Ẹ wọ Micra ní Bẹẹrẹ, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ gbé fóònù lé ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbà. Ẹ máa gbọ́ "Mọ́lété Sálẹ́ǹjì, Mọ́lété Sálẹ́ǹjì, wọlé pẹ̀lú sénjì ẹ o," torí ọmọ Ìbàdàn gidi ò ní pè é ní Challenge. A ó gba abẹ́ Mápó kọjá, ẹ ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń mí tó bá ń gun òkè, Ọjà'ba á kún wọ inú fèrèsé, a ó dé Pópó Yemọja, Ìdí-Arère, Bódè níbi tí wọ́n ti ń ta ewé àti egbò, ká tó dé Mọ́lété. Èrò á máa sọ̀ lójú ọ̀nà, "ó wà o," ilẹ̀kùn á dún, ẹlòmíì á wọlé á kí gbogbo ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ní November, ẹ wá mi ní gáréèjì, mi ò ní gbowó.

Ọ̀kín_Adùn:
Ọ̀kan ló kù. Gbogbo ìgboro la ti kà, a ò tíì ka ohùn ẹni tó mọ bàbá. Ṣé ìyá àgbàlagbà kankan kù ní agboolé yín? Tó bá kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ki bàbá ní oríkì orílẹ̀ wọn, kí wọ́n pe oríkì àbísọ wọn sí i. Oríkì Ìbàdàn tí gbogbo wa mọ̀, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu, ti gbogbo ìlú nìyẹn, ó dáa kó wà níbẹ̀, ó ń rán wa létí ebi tó pa àwọn tó kọ́kọ́ gun òkè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kì dé orírun ẹ̀ máa ń jókòó dáadáa. Ẹ tètè gbà á, ìyá náà ò ní wà títí.

Àdùkẹ́_Leeds:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Mo ti lọ mo ti dé, ó yẹ kí n jábọ̀ fún yín.

Mo gba mẹ́rìnlá. Mo sun agboolé, mo gba ìdájí, ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, kànga ò sí mọ́, wọ́n ti ń lo bọ́họ̀ọ̀lù, mo gba ẹnu ẹ̀rọ tó ń da omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo gun Láyípo. Mo lọ sí Kúdẹtì fún agogo. Mo ra yáàdì mẹ́fà ní Gbági. Onídùndún kan lu ti rédíò yẹn fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì rẹ́rìn-ín kó tó lù ú torí ó ní bàbá òun máa ń lù ú. Ìyá àgbà agboolé wa, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé, ki bàámi títí ohùn fi há wọn.

Agogo, bàámi ò ṣe nǹkan kan. Ìlù rédíò, wọ́n mi orí sí i, wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́ kí àwọn gbọ́ ìròyìn. Òjò, mi ò tíì gbé e tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ti dìde lọ síbi fèrèsé, mo pa á, mi ò sì ní gbé e sí i mọ́, màmá Ògùnpa, ẹ ṣé. Aṣọ yíya, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí itan, àtàǹpàkò àti ìka àárín, wọ́n ń wọn nǹkan tí mi ò rí. Wọ́n ní "ó ku ìdajì." Oríkì, wọ́n sunkún, àmọ́ ẹkún tí kò ba ojú jẹ́ ni, wọ́n sun oorun dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Ní Thursday tó kọjá, aago márùn-ún ti lù, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti dé fìlà, ohun tí àǹtí Kẹ́mi ní kí n má ṣe nìyẹn, mo pẹ́ níbi iṣẹ́. Mo gbé ti ẹ̀gbọ́n Wálé sí i. Wọ́n padà jókòó sórí àga, wọ́n sún fún mi bíi pé ẹ̀gbẹ́ wọn nínú ọkọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ sí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mápó kọjá, Ọjà'ba kọjá, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá kan nínú ọkọ̀ ń bá ẹni tó gbé adìyẹ wọlé jà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá di ibì kan, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ké, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọdún méjì:

"Ó wà o!"

Mo ní "níbo, bàámi?"

"Ìdí-Arère."

Ọkọ̀ náà dúró nínú fóònù torí ẹlòmíì fẹ́ sọ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀kùn dún. Bàámi tẹ̀ síwájú, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Ìrọ̀lẹ́ márùn-ún nìyẹn tá a ti ń wọ ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Wálé, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bá mi gba ti Gbági sí Ìdí-Arère náà, torí láná wọ́n bi mí pé kí ló dé tí dírẹ́bà ò gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ àwọn.

Wálé_Micra:
Lọ́la, lágbára Ọlọ́run. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni màá kúrò ní Gbági, àkókò tí àwọn akọ̀wé máa ń jáde. Ẹ bá mi kí bàbá.